Ẹ má pè é ní ibà lásán! Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń dọdẹ àwọn ọmọ Down syndrome kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá ọmọ kan wà ní àdúgbò yín. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ojú ẹ̀ rí roboto, imú ẹ̀ pẹlẹbẹ, ara ẹ̀ rọ̀ bí òwú, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló sì máa ń rẹ́rìn-ín sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni dókítà ti sọ pé Down syndrome ló ní. Ìyá gbà fún Ọlọ́run, ó ń tọ́jú ọmọ ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ṣàdéédéé ni ọmọ tó ti ń gbìyànjú láti dìde dúró kò fẹ́ dìde mọ́. Ara ẹ̀ ń gbóná lálaalẹ́. Ìyá ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ibà lọ, ibà tún padà dé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni kò tó, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fara balẹ̀, eyín ló fẹ́ hù. Aládùúgbò kan gbé àgbo wá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí imú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá mọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Àpẹẹrẹ lásán lèyí o, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe máa ń yọ́ wọlé nìyẹn. Orúkọ ẹ̀ ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní lùkímíà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ ni pé ó ní irú ọmọ tó máa ń wá kiri, ó sì ní ọjọ́ orí tó máa ń wá wọn. Ẹni tó bá ti mọ ìgbà tí olè máa ń wá kò ní í sùn gbàgbé.

TA NI ÀWỌN ỌMỌ YÌÍ?

Kò sí ìran tí kì í bí wọn. Òyìnbó ń bí wọn, aláwọ̀ dúdú ń bí wọn, olówó ń bí wọn, tálákà náà ń bí wọn. Dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Langdon Down ló kọ́kọ́ kọ̀wé kún rẹ́rẹ́ nípa wọn lọ́dún 1866, òun sì ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe àìsàn náà. Ṣùgbọ́n Down alára kò mọ ohun tó ń fà á. Ọdún 1959 ni Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin kéde ìdí ọ̀rọ̀ ní ìlú Paris.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nínú gbogbo ẹyọ ara èèyàn, àwọn okùn tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní kírómósómù. Inú wọn ni ìwà, àwọ̀, gíga àti gbogbo àbùdá tí bàbá àti ìyá fi jíǹkí ọmọ wà. 46 ló yẹ kí wọ́n jẹ́, méjì méjì ni wọ́n sì ń rìn. Ọmọ tó ní Down syndrome ní 47, torí pé mẹ́ta ni kírómósómù ìkọkànlélógún tiẹ̀ dípò méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdọọdún, èyí tí í ṣe oṣù March, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àwọn ọmọ yìí káàkiri àgbáyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàjọyọ̀ ẹ̀ láti ọdún 2012.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé kò sí nílẹ̀ wa. Irọ́ ni. Lọ́dún 1982, dókítà A. A. Adeyokunnu tẹ àbájáde iṣẹ́ tó ṣe ní ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn jáde. Nínú ọmọ 865 tí wọ́n bí, ọ̀kan ní Down syndrome. Iye yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn òyìnbó. Ẹ wá ro iye ọmọ tí à ń bí láti Èkó dé Ṣakí lójúmọ́, ẹ ó rí i pé wọn kò kéré. Òótọ́ ni pé bí ọjọ́ orí ìyá bá ṣe ń ga sí i ni ewu bíbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀dọ́ náà ń bí wọn.

KÍ LÓ Ń JẸ́ JẸJẸRẸ INÚ Ẹ̀JẸ̀?

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló ń ti ibẹ̀ jáde. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà. Ẹ̀kẹta ni àwọn wórówóró kéékèèké tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì tí èèyàn bá fara gbọgbẹ́.

Nígbà tí lùkímíà bá dé, àwọn ọmọ ogun tí kò gbó, tí kò mọ iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n á gba gbogbo àyè inú mùdùnmúdùn, wọn kò ní í jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ráyè ṣe é. Nígbà náà lẹ̀jẹ̀ pupa á gbẹ, ojú ọmọ á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́. Ibà á wọlé torí pé kò sí ẹni tó máa bá àìsàn jà. Ẹ̀jẹ̀ á máa dà torí pé ohun tó ń mú un dì kò sí mọ́. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí òbí fi lè máa wo ibà nígbà tí kì í ṣe ibà nìdí ọ̀rọ̀?

ÌLỌ́PO 56!

Láti ọdún 1930 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Brewster àti Cannon, ti kọ̀wé nípa ọmọ kan tó ní Down syndrome tó sì tún ní lùkímíà. Ọ̀pọ̀ rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni irú ẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tó fi hàn sí gbogbo ayé pé méjèèjì bá ara wọn tan.

Ìwádìí tó la èèyàn lójú gan-an ni èyí tí Henrik Hasle àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Denmark, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet. Wọ́n tọpa èèyàn 2,814 tó ní Down syndrome. Wọ́n rí 36 nínú wọn tó ní lùkímíà. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn èèyàn yòókù ní ìlú. Láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ìlọ́po 56 ni ewu tiwọn! Láti ọdún 5 sí 29, ó wálẹ̀ di ìlọ́po 10.

Kí òbí kankan má tìtorí èyí sunkún o. Ìlọ́po ńlá lórí nǹkan kékeré ṣì lè jẹ́ nǹkan kékeré. Lùkímíà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ yòókù rárá, nítorí náà, kódà pẹ̀lú ìlọ́po yẹn, bí ọmọ 2 nínú 100 tó ní Down syndrome ni àìsàn náà máa ń mú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Tí a bá kà á dé ọgbọ̀n ọdún, kò tó 3 nínú 100. Ìyẹn ni pé 97 nínú 100 kò ní í mọ bó ṣe rí láéláé.

Ìwádìí kan náà tún mú ìròyìn ayọ̀ wá. Àwọn jẹjẹrẹ yòókù, irú èyí tó ń ta kókó lára, bíi jẹjẹrẹ ọyàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ní Down syndrome. Èyí tí wọ́n rí lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì iye tí wọ́n retí. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi lé wọn lọ́wọ́ ọ̀tún ló tún gbà lọ́wọ́ òsì!

ỌJỌ́ ORÍ NI Ọ̀RỌ̀ WÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni àrùn yìí ń gbà wá, oníkálukú ló sì ní ìgbà tiẹ̀. Ibi tó yẹ kí òbí ti la etí dáadáa nìyí.

Èkíní máa ń wà lára ọmọ láti inú oyún. Nínú ọmọ tuntun 10 tó ní Down syndrome, ó máa ń hàn lára bí ọ̀kan pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ní lùkímíà. Nígbà tí àwọn oníwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lo ẹ̀rọ tó lágbára fún ọmọ tuntun 200, tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2013, wọ́n rí i pé ó tó bí ọmọ 3 nínú 10 tó gbé àmì ẹ̀ wáyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìjẹ́ pé ojú rí nǹkan kan. Ẹ kú ìyanu: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ yìí ni ara wọn máa ń yá fúnra ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, láìlo oògùn jẹjẹrẹ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn á bàjẹ́ tàbí tí omi á kún inú wọn, irú wọn sì lè kú bí wọn kò bá rí ìtọ́jú kíá.

Èkejì lọmọ tí àkọ́kọ́ ń bí. Lára àwọn tí èkíní hàn lára wọn tó sì lọ, nǹkan bí 2 nínú 10 ló máa ń padà sí lára gẹ́gẹ́ bí lùkímíà gidi. Ìgbà wo ló ń padà? Láàárín ọdún kan sí ọdún mẹ́rin ni, èyí tó pọ̀ jù sì máa ń jẹ́ kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Irú lùkímíà yìí, tó ń ba ìdílé àwọn wórówóró tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́, ṣọ̀wọ́n gan-an lára àwọn ọmọ yòókù. Kí ọmọ Down syndrome tó pé ọdún mẹ́rin, ewu irú èyí lára ẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po. Tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rin, ó di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́.

Ẹ̀kẹta ni oríṣi lùkímíà tó wọ́pọ̀ jù lára gbogbo ọmọdé. Kì í sáábà mú ọmọ Down syndrome tí kò tíì pé ọdún kan. Láti bí ọdún méjì lọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ewu ẹ̀ sì tó nǹkan bí ogún ìlọ́po tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eléyìí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó lè mú ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú ọ̀dọ́langba.

KÍ LÓ FÀ Á TÓ FI JẸ́ ÌGBÀ ÈWE?

Kí ọmọ tó wáyé, inú egungun kọ́ ni ilé ìdáná ẹ̀jẹ̀ wà. Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń sè é. Nínú ọmọ tí kírómósómù ìkọkànlélógún ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, iná ilé ìdáná yìí máa ń pọ̀ jù, ọbẹ̀ á máa hó kọjá etí ìkòkò. Níbi tí nǹkan ti ń hó báyìí ni àṣìṣe kan ti ń wọ inú jíìnì tí wọ́n ń pè ní GATA1. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti sọ fún ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pé kó gbó, kó dàgbà. Tó bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní í gbó, pípọ̀ ló máa máa pọ̀. Ọdún 2002 ni àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tú àṣírí GATA1 yìí.

Tí wọ́n bá wá bí ọmọ, ilé ìdáná á kó kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lọ sínú egungun. Àwọn ẹ̀jẹ̀ burúkú tó ti mọ́ inú ẹ̀dọ̀ lára kò ríbi gbé mọ́, wọ́n á kú. Ìdí nìyẹn tí ara ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń yá láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí díẹ̀ bá sá pamọ́ sára, tí àṣìṣe mìíràn sì tún bá a lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á jí dìde ní bí ọdún kan tàbí méjì. Nígbà tí ọmọ bá fi pé ọdún mẹ́rin, àwọn tó sá pamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ohun tó fi jẹ́ ọjọ́ orí náà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àṣìṣe GATA1 yìí kì í ti ara bàbá tàbí ìyá wá. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nínú oyún. Kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìyàwó kejì, kì í ṣe àbíkú. Ilé tó ti dàrú nítorí ẹ̀sùn báyìí pọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ ọmọ lọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ níta.

Ó Ń GBÓÒGÙN!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń dun èèyàn. Láyé àtijọ́, tí ọmọ Down syndrome bá ní lùkímíà, ọ̀pọ̀ ni kì í gba ìtọ́jú gidi. Àwọn kan á ní, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ọmọ náà kò pé tẹ́lẹ̀! Lọ́dún 1992 ni Yaddanapudi Ravindranath àtàwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ Down syndrome tí wọ́n tọ́jú fún oríṣi kejì tí a sọ lókè yìí yè ju àwọn ọmọ yòókù tó ní irú lùkímíà bẹ́ẹ̀ lọ!

Kírómósómù kan náà tó dá àìsàn sílẹ̀ ló tún ń bá oògùn ṣiṣẹ́. Oògùn kan tó ń jẹ́ cytarabine máa ń pa ẹ̀jẹ̀ burúkú wọn wéréwéré. Lóde òní, tí wọ́n bá tètè rí i, tí ìtọ́jú sì pé, bí 9 nínú 10 nínú wọn ló ń yè é ní àwọn ilẹ̀ tí nǹkan ti rọrùn. Àwọn dókítà tilẹ̀ ti dín agbára oògùn kù fún wọn, torí pé ara wọn kò gba oògùn líle púpọ̀. Ìtọ́jú náà kì í sì ju oṣù mélòó kan lọ.

Oríṣi kẹta ló le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń yè é, ṣùgbọ́n wọn kò tó àwọn ọmọ yòókù tó ní irú ẹ̀. Ìtọ́jú ẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Oògùn bíi methotrexate máa ń bọ́ wọn lẹ́nu, kòkòrò àìsàn sì máa ń tètè wọ̀ wọ́n lára lásìkò ìtọ́jú. Nínú wọn, àìsàn tó wọlé lẹ́yìn oògùn ló ń pa ẹlòmíràn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ ẹ̀ ń gba oògùn, tí ara ọmọ bá gbóná lóru, kó má dúró dilẹ̀ mọ́.

ÀMÌ TÓ YẸ KÍ ÒBÍ MỌ̀

Ara wa dúdú, nítorí náà a kì í tètè rí i pé ara ń funfun. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọmọ wò. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, ẹ wo ahọ́n. Bó bá funfun, ẹ má fara mọ́ ọn. Ẹ wo ara ọmọ bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, bóyá ojú ibi kan dúdú bíi pé wọ́n lù ú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò nà án. Ẹ wo inú ẹnu àti àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá àmì pupa wà níbẹ̀ tíntìntín bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ imú tàbí ti ìdí eyín tí kò tètè dá, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ikùn tó wú tó le, kókó ọrùn tàbí ti abíyá, ọmọ tó ń rìn tẹ́lẹ̀ tó kọ̀ tí kò rìn mọ́ nítorí egungun ń dùn ún: gbogbo wọn ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe FBC. PCV nìkan kò tó o! PCV á sọ pé ẹ̀jẹ̀ pupa kò tó, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ojú á pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti tán. FBC ló ń ka pupa, funfun àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ ní kí wọ́n tún fi ẹ̀rọ awòkòkòrò wo ẹ̀jẹ̀ náà. Owó ẹ̀ ju ti PCV lọ.

Ọmọ tuntun náà ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní kí wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún gbogbo ọmọ tó ní Down syndrome kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Èyí tí wọ́n bá sì rí àmì lára ẹ̀, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò déédéé lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ìyá tó bá bímọ níbí náà lè béèrè fún un. Ẹnu kì í ya ẹni tó bá béèrè.

ỌMỌ ẸNI NI

Láti ọdún 2001 ni ẹgbẹ́ Down Syndrome Foundation ti wà ní Èkó, níbi tí ìyá ti ń rí ìyá ẹgbẹ́ ẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Irú ìfikùnlukùn bẹ́ẹ̀ wúlò, torí pé ìyá tó bá dá nìkan wà ni wọ́n tètè ń fún ní ìmọ̀ràn burúkú. Àwọn baba ńlá wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé yìí, ọmọ ẹni ni. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bíi ti ọmọ tó ń gbapò kìíní ní kíláàsì. Àrùn yìí gan-an kò fi ẹ̀tanú bá a lò. Oríṣi kejì ń gbóògùn lára ẹ̀ ju bó ṣe ń gbà lára ẹlòmíràn lọ.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kí ojú má kúrò lára ọmọ. Ìyá tó bá ti la irú odò yìí kọjá, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó kọ ohun tí ojú ẹ̀ rí, nítorí ìyá mìíràn tó ń ra oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ báyìí.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Àmín.